Ebè Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Ẹ̀jìgbò,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Jùmọ̀kẹ́ ọmọ mi, Àdùkẹ́ ọmọ Tíṣà,

Mo mọ̀ pé tí o bá rí i pé lẹ́tà gidi ni mo kọ, tí kì í ṣe ohùn ni mo gbà sórí Wásáàpù, àyà rẹ máa já. Fọkàn balẹ̀. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le. Orókún rẹ̀ nìkan ló ń ráhùn, orókún náà sì ti ń ráhùn láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, mo sì fẹ́ lè padà sẹ́yìn lọ fagi lé ohun tí mo bá ṣì sọ. Tí mo bá parí, màá ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ, kó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.

Ọpẹ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Lónìí, èmi àti ìyá rẹ jáde síwájú ìjọ lọ dúpẹ́ nítorí iṣẹ́ tuntun rẹ. Pásítọ̀ bi mí pé, "Ṣé báńkì ni, Bàbá?" Mo ní rárá, ó ń bá àwọn tó ń ṣe ìwádìí irúgbìn ní Ìbàdàn ṣe ìṣirò, iṣu àti àgbàdo ló ń ṣírò. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé láti fi ọrẹ tó wà lọ́wọ́ mi sínú igbá, ìyá rẹ ló gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́. Ọlọ́run tó ṣe é fún wa, a kò lè dúpẹ́ rẹ̀ tán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lánàá. O ní ọ̀gá rẹ gbé fáìlì àkọ́kọ́ lé ọ lọ́wọ́: àwọn àgbẹ̀ ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ kan gbin àgbàdo àtijọ́, ọ̀wọ́ kejì gbin ti tuntun. Tí a bá ro ìkórè ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, tí a pín in dọ́gba fún gbogbo wọn, ti tuntun fi díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. O ní kí kọ̀ǹpútà tó fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, ó máa ń bèèrè pé ṣé ìfọ́nká wọn dọ́gba, ìyẹn ni pé ṣé bí ìkórè àgbẹ̀ kan ṣe jìnnà sí ti èkejì nínú ọ̀wọ́ yìí náà ló ṣe rí nínú ọ̀wọ́ yẹn. Ọ̀gá ní kí o kàn máa fi àmì sí i pé ó dọ́gba, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ni wàá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín irúgbìn tuntun náà káàkiri abúlé kí òjò tó dé.

O wá bi mí pé, "Bàámi, ṣé kí n kàn fọwọ́ sí i? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni o."

Mo ní màá pè ọ́ padà. N kò pè. Mo lọ bá ìyá rẹ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, mo sọ ohun tí o sọ fún un. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí náà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Jùmọ̀kẹ́, ó ti tó àkókò. Ẹ sọ fún ọmọ náà." Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé yìí, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, a kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan nínú ẹ̀yin ọmọ rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ máa kọ́ni ní Ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Mo ní kẹ̀kẹ́, mo ní ṣòkòtò méjì tí mo máa ń lọ̀ títí etí rẹ̀ á fi mú, mo sì rò pé kò sí ẹni tó mọ ìṣirò tó mi láti Ẹ̀jìgbò dé Másífà. Ní ọdún yẹn, àwọn ará ọ́fíìsì àgbẹ̀ mú iṣu tuntun kan wá. Wọ́n ti fún àwọn kan ní irú rẹ̀ gbìn, wọ́n wá ń wá ẹni tó lè wọn ìkórè wọn, kí ó sì wọn ti àwọn tó gbin iṣu ilẹ̀ wa, kí wọ́n lè fi wéra. Wọ́n ní tíṣà kan wà tó mọ ìṣirò. Mo gba òṣùwọ̀n tó ní ìkọ́, mo gba ìwé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

O mọ bí a ṣe ń ṣe àlejò níbí. A kì í gbé àga tó ti kán fún àlejò, a kì í sì í mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe mí. Oko tí mo bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ gbé iyán fún mi. Tí mo bá jẹ tán, olóko á mú mi lọ síbi ebè tó wà létí ọ̀nà, èyí tó kọ ní àkọtúnkọ nítorí ojú àwọn èrò tó ń kọjá. A ó wà á, iṣu á jáde bí itan màlúù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, a ó wa ebè kan, ohun tó máa jáde kò ní ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Kíá, olóko á fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó. "Tíṣà, ẹ má kọ ìyẹn. Òkété ló jẹ ẹ́."

Èmi náà á pa ìwé dé. Ṣé kí n kọ ìtìjú ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán rẹ̀ sílẹ̀ ni? Mo rò pé ọmọlúàbí ni mò ń ṣe.

Ohun tó sì burú jù ni pé mo rí i. Ní àwọn oko iṣu ilẹ̀ wa, bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni òkété jẹ ebè. Ní oko iṣu tuntun, kò sí oko tí òkété kò jẹ. Ó yẹ kí n bi ara mi léèrè irú òkété wo ló mọ iṣu ọ́fíìsì yàtọ̀ sí iṣu ilẹ̀ wa. N kò bèèrè. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ro ohun tí mo kọ sílẹ̀ pọ̀, mo pín in dọ́gba, iṣu tuntun fi díẹ̀ lé. Ní ọjọ́ ìpàdé, mo dúró láàárín ìlú pẹ̀lú ṣòkòtò mi tó mú létí, mo ní, "Ìṣirò kì í parọ́. Ẹ gbin ti tuntun." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àwọn olóko ńlá gbin ín, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ̀rún ebè, èyí tó tóbi níbẹ̀ á bo àṣírí èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n opó kan wà ní Ará, obìnrin onísùúrù tó ń kírun, tí ebè rẹ̀ kò ju ọgọ́ta lọ, lórí ilẹ̀ yangí lápá kan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu tíṣà. Ó kó gbogbo èbù iṣu ilẹ̀ wa tó ní, ó fi pààrọ̀ ti tuntun. Nígbà ìkórè, iṣu mẹ́fà tàbí méje tóbi lóòótọ́, ó tiẹ̀ gbé ọ̀kan wá fún mi nílé-ẹ̀kọ́ pé òun wá dúpẹ́. Ìyókù dà bí ìka ọwọ́. Kò rí jẹ dé ìgbà òjò, kò sì rí èbù gbìn lọ́dún kejì, nítorí tàtijọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi, ìwé márùn-ún ló wà. Orí rẹ̀ pé ju ti gbogbo wọn lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kí sáà tó parí, wọ́n fà á lé àbúrò bàbá rẹ̀ kan lọ́wọ́ lọ sí Àbíjàn, kí ẹnu tó ń jẹun nílé lè dín kan. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà kí n tó gbọ́ ibi tó lọ, àti ìdí rẹ̀.

Jùmọ̀kẹ́, opó yẹn ni Ìyá Ará, ìyá àgbà rẹ tó ń kírun tó sì ń ra aṣọ Kérésì fún yín. Ọmọ tó kúrò ní kíláàsì mi ni ìyá rẹ.

O ti máa ń bèèrè ìdí tí ìyá rẹ tó gbọ́n báyìí kò fi ka ìwé kọjá ìwé márùn-ún, a ó sì máa dá ọ lóhùn pé ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Kì í ṣe ayé ìgbà yẹn. Èmi ni.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ará nígbà náà. Mo rò pé yóò lé mi ni. Ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ ò parọ́ fún mi, ẹ ò kàn wò ó tán ni." Ó gbé omi fún mi mu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ kọ ebè fún un lọ́dọọdún, nígbà tí ìyá rẹ sì padà dé láti Àbíjàn ní ọdún kọkànlá, tó ti dàgbà, tó ń fi èdè Faransé bú àwọn onímọ́tò, oko ìyá rẹ̀ ló ti bá mi, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. N kò ní sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún ọ, àgbà ni mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní mo fẹ́ fẹ́ ẹ, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Tíṣà, èyí tó kéré jù ńkọ́? Ṣé ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn sílẹ̀?" Mo ní mo ti kọ́ ọ. Ó ní, "Dakọ," bí wọ́n ṣe ń gbà fún ènìyàn ní Àbíjàn. N kò mọ irú oore tí mo ṣe tí Ọlọ́run fi fi obìnrin yìí san án fún mi.

Nítorí náà, fetí sí mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kí Ọjọ́bọ̀ tó pé nìyí.

Ìkíní, má fi ìpíndọ́gba nìkan sùn. Mú ebè márùn-ún ti iṣu ilẹ̀ wa: kílò mẹ́rin, márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fà. Mú márùn-ún ti tuntun: kílò kan, méjì, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì, kílò márùn-ún. Èmi ọjọ́ yẹn á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìwọ wo bí ebè kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí márùn-ún. Fi ìjìnnà kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, rò wọ́n pọ̀, kí o fi mẹ́rin pín in. (Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́rin tí kì í ṣe márùn-ún, o ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.) Ti àtijọ́ á fún ọ ní ààbọ̀. Ti tuntun á fún ọ ní méjìlá àti ààbọ̀. Fi kékeré pín ńlá. Tí ìfọ́nká bá dọ́gba, ó yẹ kí ohun tí o máa rí sún mọ́ ọ̀kan. Èyí jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Inú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn ni ọdún Ìyá Ará bá lọ.

O rántí ẹni tó kọ́ mi ní èyí? Ìwọ ni. Ìgbà tí o wá sílé fún ìsinmi láti yunifásítì, tí o fi ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn ṣe é fún mi nínú pálọ̀, tí o rò pé eré la jọ ń ṣe. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ orúkọ ohun tí mo ṣẹ̀. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. A kò ní ewúrẹ́ nígbà náà. Ẹkún ni mo lọ sun lẹ́yìnkùlé, mo sì ń dúpẹ́ nínú ẹkún náà pé ọmọ tí mo bí ló wá là mí lójú. Ìwé ètò ìsìn náà ṣì wà nínú Bíbélì mi.

Èkejì, bèèrè bí wọ́n ṣe yan ebè tí wọ́n wọ̀n, tàbí oko, bí ó bá ṣe jẹ́ ní ti àgbàdo. Ta ló mú wọn débẹ̀? Ṣé etí ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀? Tí àyè kan bá ṣófo nínú ìwé, pe ẹni tó wọ̀n ọ́n, bi í bóyá òkété ló jẹ ẹ́. Fi ọ̀wọ̀ bi í, má jẹ́ kó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń bi olè léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ènìyàn rere lè fi ìwà rere ba ìwé jẹ́, wò mí.

Kí o sì wò ó bóyá àwọn ènìyàn inú ọ̀wọ́ náà kò gbára lé ara wọn lóòótọ́. Èmi wọn oko bàbá kan àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí oko mẹ́ta. Èbù kan náà ni wọ́n jọ pín, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, òjò kan náà ló pa wọ́n. Iṣu wọn rí bákan náà nítorí pé ilé kan ni wọ́n, ìyẹn sì jẹ́ kó dà bí ẹni pé iṣu tuntun kì í fọ́n ká. Àti ìdánwò ti ìpíndọ́gba o, àti ti ìfọ́nká o, kò sí èyí tó máa sọ òótọ́ tí o bá ka ilé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ohun mìíràn tí o sọ fún mi rí tí mo fẹ́ rán ọ létí, kí o má baà gbàgbé ìmọ̀ ara rẹ: fífi ìfọ́nká kan pín èkejì máa ń ṣini lọ́nà tí àgbẹ̀ kan bá wà tí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti gbogbo ènìyàn. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, to ìkórè wọn láti kékeré dé ńlá, mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an, kí o wo bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìyẹn, kí o wá fi ìjìnnà ọ̀wọ́ yìí wé ti ọ̀wọ́ yẹn. O ní ìyẹn kì í tètè gba ẹ̀tàn. Mo gbà ọ́ gbọ́. Olówó kan ṣoṣo lè wọ àdúgbò kan, kí wọ́n máa pe gbogbo wa ní olówó.

Tí àgbẹ̀ inú ìwé bá kéré níye ńkọ́, tí kọ̀ǹpútà wá ní òun kò rí ìyàtọ̀? Má tìtorí ìyẹn kọ ọ́ pé ó dọ́gba. Ẹni tó wá abẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tí kò rí i, kò lè búra pé abẹ́rẹ́ kò sí nínú yàrá. Kọ ọ́ pé "a kò tíì rí ìyàtọ̀." Tí o bá sì rí i pé kò dọ́gba, ayé kò bàjẹ́. O ní ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè wé ìpíndọ́gba méjì láìfi dandan mú un pé ìfọ́nká wọn dọ́gba. Lo ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o bá lò ó, kọ ọ̀rọ̀ ìfọ́nká náà sílẹ̀ gbangba, ní èdè tí yóò yé ẹni tó ń pín irúgbìn, pé ẹni tí oko rẹ̀ kéré kò gbọdọ̀ fi gbogbo irúgbìn àtijọ́ rẹ̀ pààrọ̀. Ká ní mo sọ gbólóhùn kan yẹn láàárín ìlú lọ́jọ́ náà, Ìyá Ará ì bá fi ogún ebè dán an wò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Má lọ bá a jà. Mo mọ ẹnu rẹ, ẹnu ìyá rẹ ni. Má sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn, má sì fi í ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Wọlé lọ bá wọn, kúnlẹ̀ tí o bá rí i pé wọ́n jẹ́ irú ẹni tí ìkúnlẹ̀ ń dùn mọ́, kí o ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo nǹkan kan kí n tó fọwọ́ sí i." Fi ebè márùn-ún márùn-ún yẹn hàn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ bínú. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní fáìlì náà. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ, mo mọ ọdún tí o fi wá a, n kò sì ní parọ́ fún ọ pé kò lè ná ọ ní nǹkan kan. Tí ó bá ná ọ níṣẹ́, wálé, yàrá rẹ wà níbẹ̀, ìyá rẹ kò tíì jẹ́ kí n kó àgbàdo sí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá dá ọ lójú, má fọwọ́ sí i.

Mo ti ka ohun tí mo kọ yìí sí ìyá rẹ létí. Ó ní mo ti dá ara mi lẹ́bi jù, pé ká ní òun kò lọ sí Àbíjàn, òun ì bá ti fẹ́ ọkọ tó sàn jù mí lọ. Bó ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn, o mọ̀ ọ́n.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. O rántí bí o ṣe máa ń sunkún nígbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdírì? Wàá gbé káàdì èsì ìdánwò wá, ìpíndọ́gba rẹ á dára, èmi á máa jó, ìyá rẹ á gba káàdì náà, á ní, "Èyí tó kéré jù ńkọ́?" O ní màámi kì í mọyì nǹkan. O ti wá mọ ibi tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà báyìí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ náà tura fún ọ. Ìyá rẹ ní kí n fún òun ní bíró, pé ìsàlẹ̀ ìwé yìí jẹ́ ti òun. Ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe rán an létí ìwé kíkọ ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, má fi í rẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ,
Tíṣà.

Jumoke mi, ku ise. Mo dupe lowo Olorun. Lola lo ba won ni ofiisi, ki o bi won, eyi to kere ju nko. Bi won ba ni ta lo ran e, so pe iya mi ni, o ti wa ninu eyi to kere ju ri.